Ọmọ Tí A Kò Gbọdọ̀ Pọ̀n

Ọmọ náà ń sunkún, ṣùgbọ́n kò sí ohùn. Ẹnu rẹ̀ là, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, omijé ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀. Síbẹ̀, omi ẹ̀rọ tó ń kán sínú abọ́ ìfọwọ́ nìkan ni Ìyá Agbẹ̀bí ń gbọ́ nínú kíláàsì náà. Àwọn òbí ti wá kó àwọn ọmọ tó kù lọ. Ọmọbìnrin kékeré yìí nìkan ló dúró sábẹ́ ibi tí wọ́n ń fi aṣọ òtútù kọ́ sí, bí ẹni tí wọ́n gbàgbé mọ́ aṣọ.

Kì í ṣe iṣẹ́ owó ló gbé Ìyá Agbẹ̀bí dé ibẹ̀. Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin lókè òkun ló wà, oyún ọmọ rẹ̀ sì ti wọ oṣù ìbí. Ojú ti rí kí oyún yìí tó dúró. Méjì ló ti wálẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìyá tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gba ẹ̀bí ọmọ olọ́mọ wá wẹ ọmọ-ọmọ tirẹ̀, ọmọ kò sì tíì dé. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Láti ilé ìdáná dé ìyẹ̀wù, láti ìyẹ̀wù dé ojú fèrèsé, bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

"Màámi, ẹ jókòó! Ẹ ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ ya kápẹ́ẹ̀tì."

"Kí n jókòó ṣe kí ni? Ẹ ní kí n wá wẹ ọmọ, ọmọ ò sí nílẹ̀. Ṣé kí n máa wẹ ìkòkò ni?"

Bó ṣe di ẹni tó ń bá ilé ẹ̀kọ́ ìtòsí tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Ó ń nu imú, ó ń di okùn bàtà, ó ń pe ọkùnrin ní ọkọ mi, ó ń pe obìnrin ní ìyá mi. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ tó dé.

"Màmá, ẹ bá wọn ṣeré, ẹ dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n níbí, a kì í gbé ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pọ̀n ẹnikẹ́ni."

Ìyá Agbẹ̀bí kàn yínmú ni. Ilẹ̀ tútù, ọkàn tútù, ló wí nínú ara rẹ̀.

Ní báyìí, ó ń wo ọmọ tó ń sunkún. Ta ni yóò rí irú èyí tí yóò káwọ́ gbera? Ó tú ìborùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ó yá, ìyá mi, gùn mí."

Ọmọ náà gùn ún. Ó fúyẹ́ bí aṣọ gbígbẹ. Ìyá Agbẹ̀bí so ìborùn mọ́ àyà, ó ń jó o lẹ́yìn, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀.

"Dákẹ́. Dákẹ́, ọmọ dáadáa. Ilé la ń lọ."

Ohùn kékeré kan sọ sí i létí pé, "Ṣé ìyá wà níbẹ̀?"

"Ìyá wà níbẹ̀, ó ń retí ẹ," ló dáhùn, bí gbogbo wa ṣe máa ń rẹ ọmọ.

Ọmọ náà dákẹ́. Ó wúwo díẹ̀ sí i. Ìgbà náà ni òtútù wọ inú aṣọ Ìyá Agbẹ̀bí, ó bá a dé eegun. Àyà ọmọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn típẹ́típẹ́, ṣùgbọ́n kò wú, kò rọ̀. Kò mí.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọlé, ó sì dúró gbagidi. Kò wo ojú ìyá náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò.

"Màmá," ó rọra wí. "Kí lẹ sọ fún un?"

"Ọmọ ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Ó ti wà níbí kí n tó dé. A máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí i ni. Bí ẹnikẹ́ni ò bá gbé e, kì í kúrò níbi tó wà. Kí lẹ sọ fún un?"

"Ẹ ò sì lè là á yé mi?"

"Ta ni yóò bá wa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ bí a bá là á yé e?"

"Mo ní..." Ìyá Agbẹ̀bí di kókó ìborùn mú. "Mo ní màá mú un relé lọ bá ìyá."

Ọ̀gá fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá Agbẹ̀bí tú ìborùn náà. Ó já bọ́ sílẹ̀. Ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ kò já bọ́. Apá kéékèèké méjì fún un lọ́rùn sí i. Fóònù rẹ̀ sì dún.

"Màámi, mo ti wà níta. Ẹ jáde."

"Máa lọ sílé. Ibí ni mò ń sùn."

"Níléèwé? Màámi, agídí yín tún ti dé. Mò ń wọlé bọ̀."

"Má wọlé! Mo fi ọmú tí mo fún ẹ bẹ̀ ẹ́, má wọlé!"

Fóònù ti kú. Ọ̀gá sáré lọ ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ aláboyún, pẹ̀ẹ̀ pẹ̀ẹ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í mọ́ bíríkì, bí ẹni tó fẹ́ fi ara rẹ̀ há ọmọ náà mọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìka kan tú lọ́rùn Ìyá Agbẹ̀bí. Òmíràn tú. Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n gba ọmọ tó ti sùn lẹ́yìn ẹni, ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, ó sì móoru.

Ọmọ rẹ̀ di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ranjú. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, omijé sì dà lójú rẹ̀.

"Màámi, ó tàpá! Láti àná ni kò ti mira, mi ò fẹ́ já yín láyà ni. Ilé ìwòsàn ni mo fẹ́ kí ẹ sìn mí lọ. Ẹ wò ó! Ẹ gbé ọwọ́ yín wá."

Ìyá Agbẹ̀bí, tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan ikùn obìnrin tí kò lóǹkà, kò lè gbé ọwọ́ náà.

"Ó ti lọ," ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ lábẹ́lẹ̀.

"Ta ló lọ?" ọmọ rẹ̀ béèrè. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ikùn rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ.