Wúràọlá Ní Kí Wọ́n Kọ Ọ́ Sínú Ìwé

Olùkọ́ ló kọ́kọ́ rí i pé Moyinolúwa, ọmọ ọdún mẹ́fà, máa ń sún mọ́ pátákó ìkọ̀wé títí imú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e láti Bọ́lọ́rundúró lọ sí ọsibítù kan ní Àkúrẹ́, dókítà fi nǹkan funfun tó ń bo ẹyinjú rẹ̀ hàn wọ́n. Ó ní iṣẹ́ abẹ ló kù, kó má sì pẹ́, kí ojú ọmọ má baà fọ́.

Ọkàn Gbémiga, bàbá ọmọ, balẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó tó wà nínú rẹ̀ ti fi orúkọ gbogbo ilé rẹ̀ sínú ètò adójútòfò ìlera, èyí tí èèyàn ń dáwó sí nígbà tí ara le, kó lè gbé bùkátà ìtọ́jú nígbà tí àìsàn bá dé. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ọsibítù wo káàdì wọn, ó ní adójútòfò kì í san owó iṣẹ́ abẹ ojú.

Nígbà tí wọ́n délé, Gbémiga ní òun yóò fi oko kòkó tí òun jogún lọ́wọ́ bàbá òun dógò lọ́dọ̀ Oyèlékè tó ń yáni lówó èlé, kí òun lè rí owó iṣẹ́ abẹ náà.

Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó kàn béèrè pé, "Bàbá Moyin, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé wọn kì í san án?"

Gbémiga kò mọ̀. Wúràọlá ò kàwé kọjá kíláàsì kẹta girama, àmọ́ ó mú ìwé pélébé tí wọ́n fún wọn lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Odindi ọjọ́ méjì ló gbà á. Iṣẹ́ abẹ ojú ọmọdé wà níbẹ̀. Ọsibítù tí wọ́n yàn ní Oǹdó nígbà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ̀wé taari ọmọ sí ọsibítù ńlá, kí ilé iṣẹ́ adójútòfò sì fọwọ́ sí i.

Ó gbé ọmọ lọ sí Oǹdó, dókítà ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ ìwé náà. Wúràọlá mú un lọ sí ọ́fíìsì adójútòfò ní Àkúrẹ́. Fọlákẹ́mi, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, wò ó fìrí, ó ní kò ṣeé ṣe.

"Ẹ ṣeun, mà," ni Wúràọlá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ò ní san án, kí ẹ sì kọ ìlà òfin tó sọ bẹ́ẹ̀."

Fọlákẹ́mi mú bírò, ó ṣí ìwé òfin wọn. Ó wá ìlà náà títí, kò rí i. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin lẹ jàre."

Lọ́jọ́ kẹta, ìwé ìfọwọ́sí dé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì tí wọ́n fi di ojú Moyinolúwa, ó ka orúkọ tó wà láyà ẹ̀wù dókítà sókè. Bàbá rẹ̀ kọjú sí ògiri, ó ń nu omi ojú.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Gbémiga dìde, ó gbé àyà sókè. Ó ní, "Oko mi ò kúrò lọ́wọ́ mi, ọmọ mi sì ń ríran. Ìyàwó mi ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kó bá wa sọ̀rọ̀."

Ohun tí Wúràọlá sọ fún wọn la fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́. Ẹ fi orúkọ ọmọ yín sínú ètò adójútòfò nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá. Ẹ ka ìwé tí wọ́n bá fún yín. Bí ẹ ò bá lè kà á, ẹ wá ẹni tí yóò kà á fún yín. Àyàfi bó bá jẹ́ pàjáwìrì, ọsibítù tí ẹ yàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ gba ìwé níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní àwọn ò ní san, ẹ má jà, ẹ má sì pa dà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹ fi sùúrù ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé, nítorí ẹ̀tọ́ yín lẹ ń béèrè, ẹ ò tọrọ báárà.