Ìdì Márùn-ún Lára Pátákó

"Ìdì márùn-ún kẹ̀? Lọ́yà, ta ló kọ eléyìí?"

Mo rọra bi í bí mo ti rí ohun tó wà lára pátákó wa. Iwájú àwọn adájọ́ ìdíje sáyẹ́ǹsì la ti dúró, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọ̀rẹ́ mi, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Lọ́yà nítorí ẹnu rẹ̀, kò wò mí lójú. "Ìwọ ṣáà rẹ́rìn-ín," ó sọ ọ́ sí mi létí.

Ogún ìbéèrè ni àwa méjèèjì fi ṣèwádìí ohun tó ń mú kí ìdánwò dẹ́rù ba igba akẹ́kọ̀ọ́. Kọ̀ǹpútà kó àwọn ìbéèrè tí ìdáhùn wọn ń rìn pọ̀ sí ìdì-ìdì, ìdì kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ohun kan tó ń fa ìbẹ̀rù. Ó ku kí a pinnu iye ìdì tí a ó mú. Tíṣà ìṣirò wa ti sọ pé, "Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà ṣa nọ́ńbà wúruwùru jọ, kó di ìyẹn náà ní ìdì. Ìdì yín tí kò bá lágbára ju ti wúruwùru lọ, ẹ jù ú nù; èèṣì lásán ni." Nínú márùn-ún tó jáde, méjì péré ló yege: ìbẹ̀rù òbí àti àìróorun-sùn.

"Méjì ti kéré jù," Lọ́yà ráhùn. "Ta ni yóò fi méjì wọ ilé-ìwé sáyẹ́ǹsì?" Ẹni tó bá borí ni yóò wọ ibẹ̀, ó sì ń wu àwa méjèèjì bí nǹkan míì. Ṣùgbọ́n mo ní òtítọ́ la ó gbé lọ. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ó ti parí, ọ̀rẹ́ẹ̀ mi. Méjì náà ni." Mo gbà á gbọ́, mo sì fi pátákó tí a ó gbé síwájú àwọn adájọ́ sílẹ̀ fún un láti kọ.

Ìyá àgbà kan láàárín àwọn adájọ́ fọwọ́ kan ìdì kẹta lára pátákó náà. "Ọmọ mi, nígbà tí ẹ fi èyí wé ti wúruwùru, kí lẹ rí?"

Lọ́yà nawọ́ sí mi. "Ẹ bi í, mà. Òun ló ṣe ìṣirò."

Ọkàn mi gbọgbẹ́. Ẹni tí a jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí a jọ ń kúnlẹ̀ gbàdúrà! Bí mo bá parọ́, bóyá a ṣì lè wọlé. Mo ké pe Olúwa nínú ọkàn mi.

"Méjì ni, mà. Mẹ́ta yòókù, ti wúruwùru lágbára jù wọ́n lọ."

Wọ́n yọ orúkọ wa kúrò nínú ìdíje náà.

"O ti bayé mi jẹ́!" Lọ́yà sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ lo kọ irọ́, o tún fi orúkọ mi sí i."

Mo ti dárí jì í, nítorí Olúwa ti dárí ji èmi náà. Ṣùgbọ́n n kò tún bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ, bó ti wù kó kéré tó. Ẹni tó bá bu irọ́ mọ́ ọn, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e ló kọ́kọ́ tà.