Àǹtí Omi àti Aránbàtà

Abẹ́rẹ́ ni obìnrin tó wà lójú fèrèsé kọ́kọ́ rí. Abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán bàtà, ọkùnrin kan gún un mọ́ àyà ẹ̀wù rẹ̀, òwú dúdú ṣì rọ̀ wálẹ̀ nídìí rẹ̀. Òjò ń pa á níwájú géètì ilé ìlúwẹ̀ẹ́. Ọmọ mẹ́fà tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, oníkálukú fi aṣọ ìnura borí.

"Ilé ìwé wo lẹ ti wá?" Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló ń bi í.

"Ilé wa."

"Mo ní ilé ìwé wo?"

"Èmi náà ní ilé wa. Ilé la ti ń kọ́ wọn."

Ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ lé adìẹ padà. "Ó dáa, ẹ yáa máa lọ. Ilé ìwé nìkan ló ni àárọ̀. Àfi tẹ́ ẹ bá gba ìwé àṣẹ wá lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé wọn."

"Ọ̀gá ilé ìwé wọn náà rèé!" Ọkùnrin náà fọwọ́ lu àyà, abẹ́rẹ́ sì gún un. "Yéè!"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ẹ̀rín lọ. Ìbínú ni.

Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ni. Àǹtí Omi ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Láràárọ̀ ló máa ń jókòó ti adágún ńlá tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ ẹsẹ̀ bọ̀. Àwọn ilé ìwé tí wọ́n fi àárọ̀ pa mọ́ fún ti ṣíwọ́ wíwá tipẹ́, wọ́n ní wọn kì í ṣèdánwò lórí ìlúwẹ̀ẹ́. Owó orí gbogbo ará àdúgbò ni wọ́n fi gbẹ́ adágún yìí, owó orí ni wọ́n fi ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Ẹ wá wo ọmọ aráàlú tí òjò ń pa lẹ́nu géètì nítorí pé wọn ò mú ìwé wá!

Ó jáde sí wọn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé."

"Àǹtí, òfin ni o."

"Òfin náà ló sọ pé òṣìṣẹ́ lè mú ẹbí ẹ̀ wọlé. Ẹbí mi ni wọ́n."

Ẹ̀ṣọ́ wo àwọn ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sí èyí tó jọra nínú wọn. "Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Títí kan èyí tí abẹ́rẹ́ gún."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn.

Aránbàtà ni ọkùnrin náà. Yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé lókè rẹ̀. Ìyá ọmọ náà ti fẹ́ ẹlòmíràn, ó ti lọ sí ìlú òkèèrè. Òun àtàwọn òbí mélòó kan ládùúgbò ló para pọ̀ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn nílé. Ní ilé obìnrin oníbúrẹ́dì, ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò. Ní ọgbà bàbá arúgbó kan tó ń gbin òdòdó tà, wọ́n ń kọ́ nípa egbò àti ewé. Ní ṣọ́ọ̀bù aránbàtà, wọ́n ń ka ìwé sókè nígbà tí òòlù ń dún kọ́kọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ ò lè máa gbé inú ilé ṣáá. Aránbàtà kó wọn lọ sí ilé ìkàwé, obìnrin tó wà níbẹ̀ ní àwọn tí ilé ìwé mú orúkọ wọn wá nìkan ló lè jókòó láàárọ̀. Ó kó wọn lọ sí pápá ìṣeré, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ibi gbogbo tí wọ́n bá dé, ìbéèrè kan náà ni: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń ṣe níta nígbà tí ẹgbẹ́ yín wà nílé ìwé?"

"Wọ́n á ní ọmọ tó wà nílé ò ráyé," ó sọ fún Àǹtí Omi lọ́jọ́ kan, "tó bá sì jáde wá wo ayé, wọ́n á ti ayé mọ́ ọn lójú."

Ó ń bínú, ṣùgbọ́n kì í pariwo. Àǹtí Omi fẹ́ràn ìyẹn. Ó fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún ìpara bàtà, ó sì fẹ́ràn bó ṣe máa ń dúró jẹ́ẹ́ tí ọmọ rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀. Akólòlò ni ọmọ náà. Ẹyẹlé ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lè há sí i lọ́fun títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Nínú omi, ẹja ni.

Bàbá rẹ̀ ni kì í ṣe ẹja. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọnú adágún, ṣe ló rọ̀ mọ́ ọrùn Àǹtí Omi.

"Ẹ tú mi sílẹ̀, ẹ̀ ń fún mi lọ́rùn!"

"Ẹ̀rù omi ló ń bà mí."

"Omi ò ní gbé yín lọ, ẹ wúwo jù. Ẹ nà gbalaja. Ẹ wojú òkè."

Ó nà gbalaja. Àǹtí Omi fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ ṣe bí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn."

"Ibùsùn mi kì í tutù tó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í gbé mi lẹ́yìn níbẹ̀."

Àǹtí Omi jọ̀wọ́ rẹ̀, ọkùnrin náà rì gbùlà. Nígbà tó yọ orí, tó ń wúkọ́, àwọn ọmọ ti ń yí gbirigbiri lẹ́bàá omi fún ẹ̀rín.

Díẹ̀díẹ̀, "ẹ" di "o" láàárín wọn. Bí bàtà Àǹtí Omi bá ya, ó ti rí ẹni tó ń rán an. Nígbà tó yá, kò dúró kí bàtà ya mọ́ kó tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

"Kí ló tún ṣe bàtà yìí?" ọkùnrin náà á bi í.

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí n mú òun wá kí ẹ."

Ìyá Àǹtí Omi nìkan ló dá tọ́ ọ. Ọ̀gá ilé ìwé ni ìyá náà, obìnrin tí aṣọ rẹ̀ kì í hunjọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í já. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé òun ti rẹ́ni tọ́kàn òun yàn, aránbàtà kan tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé, ìyá gbé ife tó ń mu kalẹ̀.

"Aránbàtà wo? Èyí tó yọ ọmọ ẹ̀ kúrò nílé ìwé mi? Ọkùnrin yẹn wá jágbe mọ́ mi nínú ọ́fíìsì mi! Ó ní ìkà ni mí!"

"Kí lẹ ṣe fún un, Màámi?"

"Kí ni mo ṣe? Ọmọ ẹ̀ ń kólòlò. Mo fẹ́ kó sọ̀rọ̀ já gaara. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

Àǹtí Omi ò dúró jẹun tán. Ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Nígbà tó dárúkọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀ àti ilé ìwé tó ń darí, òòlù dúró lọ́wọ́ aránbàtà.

"Ìyá ẹ ni?"

"Ìyá mi ni. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó gbé ọmọ mi sórí tábìlì lójú gbogbo ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó fún un níwèé, ó ní kò ní sọ̀ kalẹ̀ àfi tó bá kà á láì kólòlò. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀ títí tó fi tọ̀ sára. Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kó tó tún lanu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èmi." Ó fi òòlù sílẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè mú ọmọ mi lọ pe obìnrin yẹn ní ìyá àgbà."

Àǹtí Omi mú àpò rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, oníbúrẹ́dì ló ń kó àwọn ọmọ wá sí adágún. Aránbàtà ò wá mọ́.

Bí ẹní pé ìyẹn ò tó, máníjà ilé ìlúwẹ̀ẹ́ gbọ́ pé "ẹbí" Àǹtí Omi ti pọ̀ jù, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ àdúgbò. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ ìpàdé. Ìyá Àǹtí Omi wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Òun ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ fún ọmọ tí kò lọ sílé ìwé ní adágún," ló wí, "ẹ fún un ní ilé ìkàwé, ẹ fún un ní pápá. Ta ló máa wá rán ọmọ sílé ìwé mọ́? Ọmọ ìgboro lẹ fẹ́ sọ gbogbo wọn dà."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Oníbúrẹ́dì tẹrí ba. Àǹtí Omi dìde.

"Ọmọ ìgboro kọ́ ni wọ́n. Mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn òbí wọn ń san owó orí bí òbí yòókù, omi yẹn sì wà láàárọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ẹ̀ ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sí nílé ìwé. Ṣé ẹ bi ilé ìwé pé kí ló dé tí wọ́n fi kúrò níbẹ̀?" Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Wọn ò ní ká gbé e sórí tábìlì! Wọn ò ní ká fi í ṣẹ̀sín títí yóò fi tọ̀ sára! Ṣe ni wọ́n ní ká dúró. Ẹ̀yin ò dúró, Màámi."

Ìyá gbé àpò rẹ̀, ó rìn jáde láì wo ẹnikẹ́ni.

Ìgbìmọ̀ fún àwọn ọmọ náà ní àyè láàárọ̀. Oníbúrẹ́dì ń fò sókè. Àǹtí Omi jókòó sórí àga, ó ń sunkún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aránbàtà wá bá a nílé, ojú rẹ̀ le koko.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ìyá tó dá tọ́ ẹ, lójú gbogbo ayé?"

"Inú ò bí ẹ sí i mọ́ ni?"

"Ó ń bí mi di ìsinsìnyí! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú ẹ̀ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí o torí mi di aláìníyàá. Dìde, ká lọ bá a nílé."

"Èmi n-n-náà ń lọ," ni ohùn kan wí. Ẹyẹlé ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ bàtà rẹ̀.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti wú. "Ẹ wá yọ̀ mí ni?"

"Rárá, mà," aránbàtà wí. "A wá bẹ̀ yín. Ohun tí ọmọ yín sọ ní gbangba, inú ilé ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ẹ foríjì í. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, mà. Mi ò lè bẹ̀ yín nítorí òótọ́."

Ẹyẹlé sún mọ́ iwájú.

"Ẹ g-g... ẹ gb..."

Ìyá la ẹnu. Àǹtí Omi mọ ẹnu yẹn. Láti kékeré ni ẹnu yẹn ti ń bá a parí ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ìyá pa ẹnu dé. Ó di àga mú, ó sì dúró. Wọ́n ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá lóde.

"Ẹ gbé mi s-s-sórí tábìlì."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé ẹ."

"Wọ́n ń fi mí r-r... wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín."

"Mo gbọ́ wọn. Mi ò dá wọn lẹ́kun. Mo rò pé ìtìjú á tú ahọ́n ẹ." Ìyá kúnlẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé ojú ọmọ náà. "Mo ṣìkà sí ẹ. Má bínú, ọmọ mi."

Ẹyẹlé rò ó. "Inú ṣì ń b-bí mi."

"Ó yẹ kó bí ẹ," ìyá wí. "Kò sí ẹni tó máa ní kó má bí ẹ mọ́."

Kò tán lọ́jọ́ kan. Ìyá ò gbà rárá pé ó dáa kí wọ́n máa kọ́ ọmọ nílé, ó sì ń sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tó bá ráyè láàárọ̀, ó máa ń wá jókòó lẹ́bàá adágún, àpò lórí itan. Á béèrè lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì bóyá wọ́n ti ṣe ìṣirò. Oníbúrẹ́dì á ní wọ́n ti ṣe é, wọ́n tilẹ̀ ti jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, Ẹyẹlé jókòó jìnnà sí i. Nígbà tó yá, ó ń jókòó nítòsí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ràn sójú omi, aránbàtà pinnu láti dá lúwẹ̀ẹ́ kọjá sí òdìkejì. Ó ń jà lu omi bí ẹni tó ń jà fún ilẹ̀ baba rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Omi, ó di apá rẹ̀ mú, ó ń mí gúlegúle.

"Fẹ́ mi," ló wí.

"Sinmi ná. Ẹni tó ń rì ò mọ ohun tó ń sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ìgboyà àtisọ ọ́ ni mi ò ní. Ilé mi ń rùn fún awọ. Ọmọ mi ń bínú. Èmi náà ń bínú. Ṣé wàá fẹ́ wa bẹ́ẹ̀?"

Àǹtí Omi fi ọwọ́ nu omi kúrò lójú rẹ̀. "Èmi gan-an ń bínú, olólùfẹ́ mi. Ta ni màá tún rí bá jọ bínú? Mo gbà."

Àwọn ọmọ ti gbọ́. Ariwo ta. Wọ́n ń lu omi, wọ́n ń súfèé, àwọn ọmọ oníbúrẹ́dì ń fò bẹ́ sómi taṣọtaṣọ, Ẹyẹlé ń pariwo ọ̀rọ̀ kan tó ń já, tó ń so, tó tún ń já. Máníjà sáré jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń fìbínú nawọ́ sí àkọlé tó wà lára ògiri.

"Kí lèyí? Kò sí ààyè ariwo níbí! Òfin ni!"

Ìyá dìde lórí àga, àpò rẹ̀ já bọ́. Ó gbé ohùn tí odindi ilé ìwé máa ń gbọ́ tí wọ́n á sì pa lọ́lọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni! Ẹ fi àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo!"