Àwọn Tí Abẹ́rẹ́ Kò Kà

Obìnrin kan ti ilẹ̀kùn gíláàsì ṣọ́ọ̀bù Bàbá Fọ́tò, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé láti lọ ya àwòrán. Ní òdìkejì ọ̀nà, Abẹ́rẹ́ rí wọn kedere. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. Àtàǹpàkò Abẹ́rẹ́ kò mira.

"Kò sẹ́ni tó wọlé," ó sọ fún ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ o. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ló fún un, torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ mú, ìyá rẹ̀ sì tún jẹ́ aránṣọ. Ẹni tó bá gún un, kó yáa múra, torí yóò gún un padà.

Bàbá Fọ́tò gún un. Ìloro ọkùnrin náà ni ìyá Abẹ́rẹ́ ti ń ránṣọ tipẹ́, kí ìgbìmọ̀ ìlú tó gbé owó ìrànwọ́ jáde pé kí àwọn oníṣòwò fi tún iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ṣe. Bí owó ṣe tẹ Bàbá Fọ́tò lọ́wọ́ báyìí, kò tilẹ̀ jẹ́ kí aránṣọ wá ibòmíràn. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sínú òjò, lójú àwọn oníbàárà. "Ẹ kó àkísà yín kúrò," ó wí, "gíláàsì ń bọ̀ níbí." Abẹ́rẹ́ ló bá ìyá rẹ̀ ṣa aṣọ aláṣọ nínú ẹrẹ̀. Ọjọ́ náà ló búra pé òun á rí i pé ọkùnrin yẹn sunkún.

Ìyá rẹ̀ rí ṣọ́ọ̀bù kan ní ìparí òpópónà náà. Ibẹ̀ ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá kì í mọ̀ pé èèyàn wà nínú rẹ̀.

Ìgbà tó yá, ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ mọ̀ bóyá owó tí wọ́n ná ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ wọn kan, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màdáámù, wá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ìsinmi jọ.

"Ẹ ka ẹni tó bá wọlé," ó wí. "Ẹ má fi kún un, ẹ má sì yọ nínú rẹ̀."

Ó ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa fi iye náà ṣe lọ, ṣùgbọ́n etí Abẹ́rẹ́ ti di. Ó ti gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Fọ́tò wà nínú èyí tí wọ́n máa kà, ó sì rò pé bí iye náà bá kéré, wọ́n á gba gíláàsì ọkùnrin náà padà. Ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n pín síbẹ̀ lápá.

"Jọ̀ọ́, gba tèmi, kí o fún mi ní tìẹ."

"Kí ló dé? Ṣé o fẹ́ lọ ya fọ́tò ni?"

"Fọ́tò kọ́. Mo ní ẹnì kan tí mo fẹ́ fojú rẹ̀ gbolẹ̀."

Bó ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, Bàbá Fọ́tò fúnra rẹ̀ gbé àpótí àti omi tútù wá fún un. "Jókòó, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ẹ́?"

Abẹ́rẹ́ wo ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà kò dá a mọ̀ rárá.

"Ọmọ aráyé ni mí, sà."

Kéèyàn ba ti ẹlòmíràn jẹ́, kó má tilẹ̀ rántí ojú ẹni tó bà á jẹ́ fún! Kàkà kí eku má jẹ sèsé, á fi ṣe àwàdànù. Láti ọjọ́ náà, bí èèyàn mẹ́wàá bá wọlé, Abẹ́rẹ́ á ka ẹyọ kan, ìyẹn náà bó bá wù ú. Nígbà tó dá ẹ̀rọ náà padà, ńṣe ló ń fò fẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló dé bá ìyá rẹ̀ tó káwọ́ lérí, tí ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Màdáámù ìgbìmọ̀ ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni. Èmi ló kàn kí wọ́n tún ṣọ́ọ̀bù fún. Mi ò sọ fún ẹ, torí a kì í sọ ọmọ lórúkọ nínú oyún. Wọ́n ti wọn ojú fèrèsé gíláàsì pàápàá." Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Ti Bàbá Fọ́tò ni wọ́n fi dán òpópónà yìí wò, wọ́n ní èèyàn ò wọ ibẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, torí ìgbàkígbà tí mo bá ń kọjá, ńṣe ni wọ́n ń rọ́ wọlé."

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. "Màámi, èmi ni. Èmi ni mi ò kà wọ́n."

Ìyá rẹ̀ kò nà án. Ó fà á lọ́wọ́ lọ sí ọ́fíìsì Màdáámù, ó ní kó tún un sọ níbẹ̀.

Màdáámù mi orí. "Ká ní o ti tètè sọ ọ́ ni. Owó náà ti lọ sí òpópónà mìíràn. Bí owó mìíràn bá wọlé, a máa tún ṣọ́ọ̀bù náà kà, mi ò sì mọ ìgbà tí ìyẹn máa jẹ́. Kì í ṣe ìwọ ló máa kà á."

"Bàbá Fọ́tò ńkọ́, mà? Kí ni wọ́n máa ṣe fún un?"

"Kí ló kàn án níbẹ̀? Tirẹ̀ ti parí. Ta ló fẹ́ lọ yọ gíláàsì lára ògiri?"

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ṣọ́ọ̀bù náà kún fọ́fọ́. Bàbá Fọ́tò juwọ́ sí wọn, ìyá Abẹ́rẹ́ sì kí i.

"Màámi, ẹ̀ ń kí i? Ṣé inú ò bí yín sí i ni?"

"Ó ń bí mi. Títí dòní ló ń bí mi. Ṣùgbọ́n ìbínú tèmi kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Tìẹ ló gba fèrèsé mi."

Kò sẹ́ni tó ní kí Abẹ́rẹ́ má bínú. Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe tó bínú sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ ka nǹkan, ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ kà, kì í ṣe ohun tó ń dùn yín lọ́kàn. Ẹni tí ẹ fẹ́ fìyà jẹ lè ti jẹ tirẹ̀ yó, kó jẹ́ pé oúnjẹ ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù lẹ dànù.