Ìkòkò Tí Kò Gbọdọ̀ Dorí Kodò

Owó dé lójijì. Àwọn tó ti ń kọjá níwájú ìsọ̀ Olówó-Ọ̀la láìkí i wá ń du ọjà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: àwo Ṣáínà àtijọ́, ère Búdà, aṣọ sẹ́dà Jàpáànù. Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe ọmọkùnrin náà ní yẹ̀yẹ́ ti di òótọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà ń dúpẹ́ kiri. Kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ni wọ́n ń ná.

Kí owó náà tó dé, inú yàrá kan tí kò ní fèrèsé ni adáhunṣe ti gba òwú kan lọ́wọ́ Olówó-Ọ̀la, èyí tí ẹ̀gbọ́n náà fi nu ìka tí abẹ́rẹ́ gún. Ó jù ú sínú ìkòkò tánganran ilẹ̀ Ṣáínà, ó pọfọ̀ sí i:

"Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Owó, máa ṣàn bọ̀!"

Ìkòkò náà mí. Gbogbo irun ara Olówó-Ọ̀la dìde.

"Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́ dáadáa," adáhunṣe wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kò gbọdọ̀ dorí kodò. Tó bá dorí kodò, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ á máa dà. Àfi kí ìkòkò fọ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó lè dúró. Tó bá sì fọ́, owó parí nìyẹn."

"Ta ló máa dorí ẹ̀ kodò, Bàbá?"

Ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ti ń ta ohun àtijọ́ ló dáhùn ìbéèrè yẹn. Kò sí oníṣòwò ohun àtijọ́ tí kò mọ ìlànà ibẹ̀: kí èrò tó wọlé, wọ́n á kó àwọn ọlọ́jà síta, wọ́n á tilẹ̀kùn, àwọn àgbà ayẹjàwò á sì máa yí ohun gbogbo wo ìdí rẹ̀, bóyá òjúlówó ni. Síbẹ̀ Olówó-Ọ̀la gbé ìkòkò náà síwájú ìsọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kó lè fa olówó wá. Ojúkòkòrò ti ra á níyè.

Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró níta, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn onígíláàsì. Bàbá ayẹjàwò kan gbé ìkòkò náà. Ó dorí rẹ̀ kodò.

"Àbúrò mi," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "kí ló ń dà nímú mi?"

Ẹ̀jẹ̀ ni. Ó gba etí jáde, ó gba ojú, ó gba abẹ́ èékánná. Ẹ̀gbọ́n náà di apá àbúrò rẹ̀ mú.

Olówó-Ọ̀la fi ọwọ́ méjèèjì lu gíláàsì. Bàbá náà ta gìrì. Ìkòkò yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dénú, ṣùgbọ́n ẹnu ọlọ́jà inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ké:

"Ẹ rọra! Ẹ má fọ́ ọ o!"

Bàbá náà tètè gbá a mọ́ra, orí ìkòkò ṣì wà nísàlẹ̀.

"Kí lo ní kí wọ́n má fọ́?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè. Ọwọ́ rẹ̀ tú lápá àbúrò rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, bàbá ayẹjàwò jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò tíì wo ilẹ̀.

"O kú oríire, ọmọ mi. Òjúlówó ni."