Téèpù Lórí Itan Aránṣọ

Téèpù tí aránṣọ fi ń wọn àwọn oníbàárà ni nọ́ọ̀sì àgbà tó ń tọ́jú iṣan yí mọ́ itan aránṣọ náà fúnra rẹ̀. Íǹṣì méjìdínlógún. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, méjìdínlógún ààbọ̀ ni.

Àyà aránṣọ já. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un wọ̀n."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán, tí wọ́n sì rí i pé itan náà ti rù, ohun kan ṣoṣo ló ń rò. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn, yóò dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pàdé ẹ̀rín ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ní kí o máa fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì láàárọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Mélòó lò ń ṣe?"

"Wákàtí mẹ́ta, mà."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ìfẹ́ ti yó mi, mà."

"Ìfẹ́ yó ọ, ebi ń pa itan ẹ." Nọ́ọ̀sì fi téèpù kọ́ ọrùn. "Gbọ́, ìyàwó awakọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ojú lásán ò rí ló wà nínú iṣan. Ká sọ pé ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n ń ṣe èròjà tó ń pàṣẹ fún iṣan pé kó dàgbà. Iṣẹ́ níwọ̀nba máa ń jí wọn. Ṣùgbọ́n bí iná bá sọ ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ta ni yóò jókòó rán aṣọ tuntun?"

"Kò sẹ́ni, mà. Omi la máa sáré gbé."

"Làálàá láìsinmi, pẹ̀lú ebi, iná ni wọ́n ń dá sínú sẹ́ẹ̀lì. Iná ni àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á máa pa, èròjà ìdàgbà á dínkù."

"Àṣé èmi ni mò ń dáná sun itan ara mi."

"Nítorí ọkọ ni, a ò ní mú ọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá."

Láti ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò di ogún. Ó ń jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja. Ó ń sinmi, bó tilẹ̀ ṣòro fún un.

Nígbà tí fèrè ọkọ̀ dún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, téèpù ti kà á sí mọ́kàndínlógún. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni láti ìdí maṣíìnì dé ẹnu ọ̀nà. Ní ìkarùn-ún, ó dúró, ó fọwọ́ ti ògiri.

"Ṣé kí n wá gbé ọ?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ẹ dúró síbẹ̀ jàre. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ ò ní sùúrù."

Ó sinmi díẹ̀, ó rin mẹ́rin tó kù, ó sì fi orí lé e láyà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí apá tàbí ẹsẹ̀ yín bá ti rù nítorí àìsàn tàbí ìjàǹbá, ẹ má fagbára lé e, ẹ má sì pa á tì. Ẹ lọ bá àwọn tó ń tọ́jú iṣan nílé ìwòsàn, kí wọ́n sọ ìwọ̀n iṣẹ́ tó yẹ ẹ́. Ẹ jẹun dáadáa, ẹ sinmi. Inú ìsinmi ni iṣan ti ń dàgbà.