Èwo Ló Dúró?

Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt. Òjò ti sọ ọgbà màlúù di ẹrẹ̀, Shakirat sì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Iṣẹ́ rẹ̀ kò gba agbára, ojú ló gbà: kó máa ṣọ́ àwọn màlúù bàbá rẹ̀ títí oòrùn yóò fi mú.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí Ṣùkúrù, bàbá rẹ̀, ti wá, akọ màlúù ń bá abo jẹko kiri. Akọ fúnra rẹ̀ ló mọ èyí tó ń wá akọ, kò kan ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn màlúù tiwọn yìí, ìyá wọn jẹ́ ti Fúlàní, baba wọn jẹ́ ti òyìnbó. Wàrà wọn pọ̀ ju ti ìyá wọn lọ, àmọ́ ooru Port Harcourt kò bá wọn lára mu. Kò sì sí akọ láàárín wọn. Dókítà Tamunotonye ló ń gbé àtọ̀ akọ màlúù wá láti Elekahia nínú àgbá tó tutù ju yìnyín lọ, ó sì gbọ́dọ̀ fi í sínú abo ní àkókò tó ń wá akọ gan-an. Abo tó bá tó àkókò yóò dúró jẹ́ẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ gùn ún. Èyí tó wà lókè kọ́ là ń wá, èyí tó dúró nísàlẹ̀ ni. Bí oòrùn bá ti mú, ó rẹ gbogbo wọn, wọn kì í gun ara wọn mọ́.

Adíkálà ni Shakirat fẹ́ràn jù. Wàrà rẹ̀ ni ìyá Shakirat ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti bímọ, ọmú rẹ̀ ń gbẹ, àtọ̀ tí wọ́n ń fún un kò sì di oyún. Ṣùkúrù ti sọ ọ́ tán: bí kò bá lóyún lọ́tẹ̀ yìí, alápatà ni yóò fà á lọ.

Fóònù dún. Motọ́lání, ọ̀rẹ́ Shakirat ní kíláàsì, ti fi fídíò ijó ránṣẹ́. "Abeg, fi màlúù sílẹ̀ jọ̀ọ́," ló kọ sábẹ́ rẹ̀. "Ṣé wọ́n fẹ́ fò lọ ni?" Shakirat rẹ́rìn-ín, ó wo ọ̀kan, ó tún wo èkejì. Ìgbà tí yóò fi gbójú sókè, Adíkálà àti màlúù kan tó ń jẹ́ Pupa ń yà kúrò lára ara wọn, ẹsẹ̀ ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Èwo ló gun èwo? Kò rí i.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ bi í léèrè, ẹnu rẹ̀ ṣáájú ọkàn rẹ̀.

"Adíkálà ló dúró, Bàámi."

Irọ́ náà dùn lẹ́nu, nítorí bó ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn. Ṣùkúrù ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń pe dókítà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Tamunotonye dé. Ó fi pijin sọ fún wọn pé ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nínú àtọ̀ akọ tó dára, àfi kí òmíràn dé. Ó wọ ìbọ̀wọ́ gígùn tó dé èjìká, ó ní kí Shakirat di ìrù Adíkálà mú. Ibi tó ti di ìrù mú ló ti rí i: ẹ̀yìn Adíkálà mọ́ tónítóní. Ó wo Pupa. Ẹrẹ̀ pátákò lẹ̀ mọ́ ìhà rẹ̀ méjèèjì, irun ìdí ìrù rẹ̀ sì ti họ.

Bí ó bá sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ alápatà ló ń pè fún Adíkálà yẹn. Bí ó bá dákẹ́, àtọ̀ á ṣòfò, àkókò Pupa á kọjá, alápatà á sì tún dé náà.

"Dókítà, ẹ dúró." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàámi, mi ò rí èyí tó dúró. Fóònù ni mò ń wò. Ó jọ pé Pupa ni, ẹ wo ìhà rẹ̀."

Ṣùkúrù kò pariwo, èyí ló sì dun Shakirat jù. "Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún," ló sọ. "Ìwọ ò ní sùúrù tó o fi máa wo màlúù lásán."

Dókítà yẹ Pupa wò, ó fa omi yíyọ̀ kan tó mọ́ gaara lábẹ́ ìrù rẹ̀, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Na this one," ó ní. "My pikin, you do well say you talk."

Pupa ló gba àtọ̀. Fóònù Shakirat di ti ìyá rẹ̀, èyí kò sì dùn ún tó ọ̀rọ̀ Adíkálà. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun ṣọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i péré. Ṣùkúrù fà á dìde.

"Ẹni tó lè sọ pé òun ò rí," ó ní, "bó bá ní òun rí, mo lè gbà á gbọ́. Lọ máa ṣọ́ ọ."

Motọ́lání ń pè é ní Màmá Màlúù ní kíláàsì, Shakirat sì ń dáhùn. Ó wá mọ̀ pé kì í ṣe gígùn nìkan ni à ń wò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wàrà Adíkálà dédé dínkù, kò sì fojú sí koríko. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ìkùukùu ṣì bo ọgbà, màlúù kékeré kan gbé àgbọ̀n lé e lẹ́yìn, ó sì gùn ún. Adíkálà dúró bí òpó. Shakirat kò sáré. Ó dúró títí ìyẹn fi tún gùn ún, lẹ́yìn náà ló tó lọ kan ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Bàámi."

Kò bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé fóònù, ó pe dókítà, àtọ̀ tuntun sì ti dé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Pupa kọ́kọ́ bí, Adíkálà tẹ̀ lé e. Wàrà kún inú garawa débi tí ìyá Shakirat fi ń wá ìkòkò kún ìkòkò. Alápatà kọjá, ó wo Adíkálà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí ojú kò bá rí, kí ẹnu má ṣe bá a rí i. "Mi ò rí i" kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí "mo rí i" ẹni níyì lọ́la.